Ilé ọtí àtijọ́ ní Oxford: èwo ló yẹ kí èèyàn yà sí?

ỌmọÒkèÀdó:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín o. Ibi iṣẹ́ mi ń rán mi lọ sí Oxford fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ yóò máa ṣí sílẹ̀ fún mi, mo sì ti tọrọ àyè kí n lo Sátidé kan kún un. Ilé ọtí àtijọ́ ni mo fẹ́ rí, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń jókòó sí tipẹ́tipẹ́. Mi ò wá ibi ijó, mi ò sì wá ibi tí tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù ti ń pariwo léni lórí. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń wá. Tí mo bá wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìbàdàn níbí, orúkọ méjì ni gbogbo ènìyàn ń dá: Turf Tavern àti Eagle and Child. Ṣé àwọn náà ni kí n gbájú mọ́? Báwo sì ni wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé ọtí wọn, kí n má baà tẹ òfin onílé lójú? Ẹ bá mi dá sí i.

Àlàdé_Cowley:
Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Oxford, tí mo sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí yóò dùn yín: Eagle and Child kò sí ní ṣíṣí. Láti 2020 ni wọ́n ti tì í. Ní 2023 ni Ellison Institute of Technology, iléeṣẹ́ ìwádìí kan, rà á lọ́wọ́ St John's College, ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Oxford, wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe, àwọn yóò sì ṣí i padà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìta lèèyàn ń dúró ya fọ́tò àmì tó wà lára ilé.

Ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi kàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé Tolkien àti C. S. Lewis pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Inklings ti máa ń jókòó láràárọ̀ ọjọ́ Tuesday kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní Rabbit Room ni ibùjókòó wọn. Wọ́n á mu ọtí, wọ́n á fa táábà, wọ́n á sì máa já ọ̀rọ̀ ara wọn sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó di 1962, wọ́n tún inú ilé náà ṣe lọ́nà tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni wọ́n bá kó lọ sí òdìkejì títì, sí Lamb and Flag.

Òdìkejì títì yẹn gan-an ni kí ẹ̀yin náà kọjá sí. St John's College ló ni ilé yìí náà. Àrùn Kòrónà pa ọjà rẹ̀, wọ́n sì tì í ní oṣù kìíní 2021. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ó ti parí nìyẹn. Àwọn ará ìlú ló para pọ̀, tí wọ́n dáwó, tí wọ́n gba ilé náà háyà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù kẹwàá 2022. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibòmíràn lọ ní àárín ìlú, ohun tí àwọn èèyàn yẹn ṣe sì ni ìdí pàtàkì. Ilé ọtí tí olókìkí ti jókòó sí lẹ́ẹ̀kan rí dára. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn alààyè dìde fún kí ó má kú, ìyẹn ni kí ẹ lọ náwó yín sí.

ỌmọÒkèÀdó:
Ẹ ṣeun gan-an. Eagle and Child ni mo ti kọ sí òkè ìwé mi! Ó dáa tí mo bi yín. Turf Tavern ńkọ́?

Tinúkẹ́_kẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ kú ilé o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ lọ sí Turf, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́kun. Bí a ṣe ń débẹ̀ nìkan tó ìrìn àjò. Tí ẹ bá dé abẹ́ afárá tí wọ́n ń pè ní Bridge of Sighs, ẹ wo ọwọ́ òsì yín ní New College Lane, ẹ ó rí ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri méjì tí èèyàn méjì kò fi bẹ́ẹ̀ lè pàdé nínú rẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀. Ẹ ó rò pé ẹ ti ṣìnà, àfi lójijì tí ẹ bá rí àgbàlá tí èèyàn kún inú rẹ̀. Odi ìlú Oxford àtijọ́ ni ilé náà fẹ̀yìn tì. Igi àjà inú ilé wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga ní láti tẹrí ba.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri pé Bob Hawke, tó wá di olórí ìjọba Ọsirélíà ní 1983, ti da ife gígùn kan tí wọ́n ń pè ní yard sí ọ̀fun ní ìṣẹ́jú àáyá 11, nígbà tó ń kàwé ní University College ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ife yẹn gba bíi páìntì méjì àbọ̀ (páìntì kan lé díẹ̀ ní ìdajì lítà). Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìyẹn ṣe é láǹfààní lọ́wọ́ olùdìbò ju ohun mìíràn tí òun ṣe lọ.

Àlàdé_Cowley:
Tinúkẹ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún àlejò. Ní ìrọ̀lẹ́ Fraidé, a kì í gbọ́ ohùn ara wa ní Turf. Ọ̀wọ́ arìnrìn-àjò ń wọlé, ọ̀wọ́ ń jáde, gbogbo wọn ń ya fọ́tò. Ẹni tó ní òun fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni èèyàn ń júwe ibẹ̀ fún.

Tinúkẹ́_kẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ̀gbọ́n Àlàdé, mi ò bá yín jiyàn lórí Fraidé. Àmọ́ ẹ lọ ní ọ̀sán Tuesday, bíi aago mẹ́ta, nínú òtútù oṣù kejì. Mo ti jókòó síbẹ̀ ka ìwé tán kí ẹnikẹ́ni tó wá jókòó tì mí. Níta, wọ́n máa ń dáná sínú agbada irin nígbà òtútù, èèyàn lè jókòó yá a. Àkókò ló bà á jẹ́ lójú yín, ilé náà kò ṣẹ̀.

Àlàdé_Cowley:
Ó dáa, mo gbà. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni o.

Ẹ̀gbọ́n_Olùkọ́:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àgbà láàyè kó fi ìtàn díẹ̀ kún un, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé ọtí Oxford gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìjà tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 1355, ọjọ́ Scholastica Mímọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti èkejì rẹ̀ jókòó sí Swindlestock Tavern ní Carfax, oríta àárín ìlú. Wọ́n ní wáìnì tí wọ́n gbé fún àwọn kò dára. Onílé ọtí fún wọn lésì tó gbóná, wọ́n da wáìnì náà sí i lójú, wọ́n sì fi ife lù ú lórí. Ọ̀rọ̀ di ti ará ìlú àti ti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì níhà méjèèjì láti kó èèyàn jọ, ọfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn ará abúlé tó yí ìlú ká náà ya wọlé wá gbè sẹ́yìn ará ìlú. Nígbà tí ìjà fi máa rọlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ 63 ni wọ́n kà ní òkú, pẹ̀lú nǹkan bí 30 nínú ará ìlú.

Ọba gbè sẹ́yìn Yunifásítì. Lọ́dọọdún láti ìgbà náà ni olórí ìlú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ní láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary láti lọ tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì san pẹ́nì 63, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òkú kọ̀ọ̀kan. Títí di 1825 ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1955, ọdún 600 lẹ́yìn ìjà náà, Yunifásítì fún olórí ìlú ní oyè ẹ̀kọ́ ti ìyẹ́sí, ìlú náà sì fi olórí Yunifásítì ṣe ọmọ ìlú, kí ìbínú lè tán.

Ilé ọtí yẹn kò sí mọ́, báńkì ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀. Ọmọ Òkè-Àdó, oṣù kejì náà lẹ ń bọ̀. Ẹ dúró ka àkọlé yẹn kí ẹ tó wọ ibikíbi.

ỌmọÒkèÀdó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Òkú tó lé ní 90, nítorí ife wáìnì kan!

Ẹ̀gbọ́n_Olùkọ́:
Wáìnì kọ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń gba agbára lórí ọjà ìlú díẹ̀díẹ̀, ìlú sì ti ń bínú tipẹ́. Ọ̀rọ̀ wáìnì kàn ṣí i ní ìdérí ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fiyè sí. Ẹ máa béèrè ẹni tó ni ilé. St John's ló ni Lamb and Flag, òun náà ló ni Eagle and Child kó tó tà á. Wadham College ló ni King's Arms, tó wà ní igun Holywell Street láti 1607. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í kú, kì í sì í kánjú ta ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ilé kékeré bẹ́ẹ̀ ṣì dúró ní àárín ìlú tí ilẹ̀ ti wọ́n gógó. Ẹ wo ilé ìpọntí Morrell's, tí wọ́n ti ń pọntí fún ìlú láti 1782. Ti ẹbí kan ni. Nígbà tí aáwọ̀ wọ àárín wọn, 1998 ni wọ́n tì í pa, wọ́n sì sọ ọgbà ilé ìpọntí náà di ilé gbígbé. Ó ṣì ń dùn mí. Èmi tí mo mu ọtí wọn nígbà tí mo ń kàwé mọ ohun tí ìlú yẹn pàdánù.

AbdulGaniyu_Leeds:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ ń gbèrò láti lọ wo Oxford ní àkókò ìsinmi. Mùsùlùmí ni wá, a kì í mu ọtí. Ṣùgbọ́n àwọn ilé tí ẹ ń júwe yìí wù mí láti wọ̀, nítorí iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́, igi àtijọ́ sì máa ń pè mí. Ṣé wọn ò ní lé wa?

Ìyá_Reading:
Wọn ò lé yín rárá, ọmọ mi. Èmi náà kì í mu ọtí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì ti bá àwọn ọmọ mi débẹ̀. Ẹ béèrè tíì, kọfí, tàbí mínírà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú omi ẹlẹ́rìndòdò kì í wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa wo inú ife yín. Àwọn ọmọ lè bá yín wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀sán, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ẹ kàn béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Oúnjẹ ni kí ẹ ṣọ́. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ halal lórí ẹran, ẹja díndín wọn tó dà bíi pé kò léwu, bíà ni wọ́n sábà máa ń fi po ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bò ó. Ẹran tí wọ́n sè sínú páì náà, ọtí ale, irú bíà wọn kan, máa ń wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ òótọ́ fún yín.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ibi àtijọ́ tí ọtí kò ti jẹ́ olórí, Queen's Lane Coffee House wà ní High Street. 1654 ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀.

Àlàdé_Cowley:
Ìyá sọ ọ́ dáadáa. Abdul-Ganiyu, tó bá jẹ́ igi lẹ ń wá, ẹ lọ wo Bear Inn ní ẹ̀gbẹ́ Alfred Street. Ilé olùtọ́jú ẹṣin ló jẹ́ nígbà kan, fún ilé èrò ńlá kan tó wà ní High Street. Ilé náà kéré, ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú, igi àjà rẹ̀ sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n táì ni yóò kọ́kọ́ gba ojú yín. Ní 1952 ni onílé ọtí tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí táì àwọn oníbàárà rẹ̀, á sì fún ẹni tó bá gé ní ìdajì páìntì dípò. Táì ẹgbẹ́ eléré, ti ilé ìwé, ti ọlọ́pàá, ti ọmọ ogun, ó ti lé ní 4,500 báyìí, gbogbo rẹ̀ wà nínú gíláàsì lára ògiri àti lókè àjà, pẹ̀lú àkọlé. Ẹ lọ ní ọ̀sán tí èrò ò pọ̀, kí àwọn ọmọ lè ráyè kà á.

Fún Ọmọ Òkè-Àdó, ọ̀rọ̀ ìṣe wọn rèé. Kò sẹ́ni tó máa wá bá yín lórí àga. Ẹ lọ sí káńtà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ sanwó lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé ife yín. Ẹ má ju ọwọ́ sókè, ẹ má sì fi owó pe olùtajà. Kò sí ìlà níbẹ̀ lójú lásán, ṣùgbọ́n olùtajà mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, àwọn oníbàárà náà mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ṣèèṣì bi yín níṣàájú ẹni tó ti dúró ṣáájú, ẹ tọ́ka sí onítọ̀hún. Ìwà yẹn nìkan ti tó láti sọ yín di ọ̀rẹ́ wọn. Tí ẹ bá bá àwọn èèyàn jókòó, olúkúlùkù ló ń ra ti gbogbo tábìlì nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó bá mu ti àwọn ẹlòmíràn tí kò ra ti ara rẹ̀, wọn ò ní wí, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbàgbé. Agogo máa ń dún lẹ́ẹ̀kan tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n tì, kí ẹni tó fẹ́ ra tó gbẹ̀yìn lè rà á.

ỌmọÒkèÀdó:
Èyí wúlò fún mi ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ. Ọtí wọn ńkọ́? Àbúrò mi tó wà ní London ní ọtí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì hó.

Ẹ̀gbọ́n_Olùkọ́:
Kò lọ́ wọ́ọ́rọ́, àjà ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ọtí ale tòótọ́ ṣì ń wú nínú àgbá rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò nílé ìpọntí. Wọ́n á tọ́jú àgbá náà sí abẹ́ ilé ní bíi dígírì 12 sí 13, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà ló sì ń gbé e wá sókè. Wọn kì í fẹ́ gáàsì sí i. Nítorí náà, kò ní ta yín lọ́fun bíi bíà inú ìgò tí a gbé kúrò nínú fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ ó tọ́ ọkà àti òdòdó hops (ohun tó ń mú ọtí korò) tó wà nínú rẹ̀ wò dáadáa. Tí ìtọ́jú àgbá bá mẹ́hẹ, ọtí náà á kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yan ilé ọtí nípa ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú àgbá, mi ò kì í wo ọjọ́ orí ògiri. Ní 1971, àwọn olólùfẹ́ irú ọtí yìí dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀, nítorí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti fẹ́ẹ́ pa á rẹ́. Ẹ béèrè kí wọ́n fún yín tọ́ wò díẹ̀ kí ẹ tó rà. Wọn kì í kọ̀. Ìdajì páìntì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

ỌmọÒkèÀdó:
Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń gbé sínú. Èmi nìkan ni màá dá wọlé, adúláwọ̀, nínú ilé tí àjà rẹ̀ wálẹ̀, tí gbogbo wọn ti mọ ara wọn. Ṣé wọn ò ní máa wò mí?

Tinúkẹ́_kẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ní àárín Oxford, gbogbo ayé ló ń wá síbẹ̀ kàwé, kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ jẹ́ àjèjì. Ibi tí ara ti tù mí jù ni Rose and Crown ní North Parade, níhà àríwá ìlú. (South Parade wà níwájú rẹ̀ níhà àríwá síi, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín lójú rú.) Yàrá kéékèèké ni, ilé àwọn ará àdúgbò ni. Ẹ jókòó nítòsí káńtà, ẹ má lọ fara pamọ́ sí igun. Ẹnìkan á bi yín níbi tí ẹ ti wá, ẹ sọ Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sì jìnnà síbẹ̀ sí St Hugh's College. Ibẹ̀ ni Kofoworọlá Moore, ọmọ Èkó, ti kàwé, tó sì gboyè ní 1935, obìnrin adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gboyè ní Oxford. Ìyá náà ló wá di Lady Adémọ́lá, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, mo máa ń rántí pé a ti débẹ̀ tipẹ́.

Ìyá_Reading:
Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà gboyè tìrẹ láyọ̀.

Tinúkẹ́_kẹ́kọ̀ọ́:
Àmín, mà.

ỌmọÒkèÀdó:
Mo ti to ó báyìí. Ọ̀sán Tuesday, Turf, nígbà tí wọ́n bá dá wa sílẹ̀ ní kùtùkùtù. Ìrọ̀lẹ́ Wednesday, Lamb and Flag. Thursday, Rose and Crown, màá sì kọjá níwájú St Hugh's. Bear ní ọ̀sán tí àyè bá yọ. Sátidé ńkọ́, tí gbogbo ọjọ́ jẹ́ tèmi? Mo gbọ́ pé ilé ọtí kan wà létí odò.

Àlàdé_Cowley:
Méjì ni, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ẹ gba Jericho, àdúgbò kan ní Oxford níbí, jáde sí Port Meadow. Pápá ìjẹko ńlá ni, a kò gbọ́ pé wọ́n fi ọkọ́ kàn án rí, ẹ̀tọ́ ìjẹko níbẹ̀ sì ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọba láti 1086. Ẹṣin àti màlúù ló ń jẹ níbẹ̀ títí dòní. Ẹ kọjá odò, ẹ ó dé Perch ní Binsey, ilé tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Ó jó ní 1977, ó tún jó ní 2007, wọ́n sì fi koríko náà bò ó padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ etí odò lọ sókè, ẹ ó rí àwókù ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Godstow, ẹ ó sì dé Trout, ilé ọtí kejì, lójú ibi tí omi ti ń dà láti orí ìdídò. Ẹ jẹun níbẹ̀. Sátidé máa ń kún, ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n fi àga pamọ́ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n_Olùkọ́:
Àlàdé, oṣù kejì ni ọkùnrin yìí ń bọ̀ o!

Àlàdé_Cowley:
Òótọ́ ni, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Nígbà òtútù, omi máa ń bo Port Meadow dáadáa, nígbà míì yóò di adágún tí yóò tún dì. Ẹ má wọ bàtà iṣẹ́ lọ. Bàtà rọ́bà tó ga ni kí ẹ rà tàbí kí ẹ yá. Tí ẹ bá débẹ̀ tí omi ti gba ojú ọ̀nà, ẹ má gbìyànjú rẹ̀: ẹ padà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Wolvercote, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù dé Trout. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú ní àkókò yẹn, kò sì sí iná lójú pápá náà, nítorí náà ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀. Tí Sátidé yẹn ò bá bọ́ sí ìgbà iṣẹ́ mi, màá wá bá yín ní Jericho, kí a jọ rìn ín.